Ọ̀nárébù Wa, Ṣéńjì Àná Dà?

Ọ̀nárébù wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpérò, ẹ kú ariwo "àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni ló borí". Ẹ sì kú ìfaradà àwa ará ẹkùn ìdìbò yín, torí pé a mọ ara wa. Mo ti pinnu pé mi ò ní dárúkọ yín nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin 32 lẹ jókòó sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Sẹkitéríàtì Àgọ́dì. Bí mo bá dárúkọ ẹnì kan, àwọn 31 tó kù á kàn máa fi onítọ̀hún ṣẹ̀fẹ̀ ni, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Nítorí náà, ẹni tí fìlà yìí bá bá orí rẹ̀ mu nínú yín, kó dé e. Ẹni tó bá fún mọ́ lórí, kó má bínú sí aránṣọ, orí rẹ̀ ló tóbi.

Ọ̀rọ̀ ìṣúná ni mo bá wá. Ẹ má tíì sá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣúná kì í dùn lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ta ni yóò di gómìnà ní 2027, èyí tí wọ́n ń jà lé lórí láti ibùdókọ̀ Challenge títí dé ẹnu géètì Yunifásítì ní Agbowó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ gómìnà, ìwé ìṣúná náà ni yóò fi ṣe é, ẹ̀yin lẹ ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, torí pé àwọn ìṣúná wa lórúkọ ju ọmọ ọba lọ. Gómìnà Ṣèyí Mákindé pe ti 2024 ní ìṣúná ìmúbọ̀sípò ọrọ̀ ajé. Ó pe ti 2025 ní ti ìdúróṣinṣin. Ó pe ti 2026 ní ti ìgbòòrò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn: aláìsàn gbádùn, ó dìde dúró, ó wá ń sanra. Inú mi dùn dé gongo nígbà tí mo gbọ́. Mo wá tọwọ́ bọ àpò mi, mo rí i pé ìròyìn náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Owó náà fúnra rẹ̀ ń ga. Ìṣúná 2020 tí gómìnà buwọ́ lù jẹ́ bílíọ̀nù 213 náírà. Ti 2026 yìí, bílíọ̀nù 892 ni, ká má wulẹ̀ ka kọ́bọ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà, ó di ìlọ́po mẹ́rin, ó tún lé. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìyẹn á rò pé Ìbàdàn ti di Dubai. Ṣùgbọ́n Ọ̀nárébù, ẹ mú biro. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 360 náírà. Nígbà tí ẹ máa parí ti 2026, dọ́là kan ti lé ní 1,400. Bí a bá fi owó òkèèrè wọn ìṣúná méjèèjì, ti 2020 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 mílíọ̀nù dọ́là, ti 2026 lé díẹ̀ ní 600 mílíọ̀nù. Ibi tí a wà la ṣì wà! Agbádá náà ló ń fẹ̀ sí i, ara tó wà nínú rẹ̀ ò sanra. Ọ̀dà títì, irin, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn àti oògùn tí ẹ fẹ́ fi owó yẹn rà, dọ́là ló ń sọ iye wọn, kò sì mọ orúkọ tí a sọ ìṣúná.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó oṣù. Mo yin ìjọba ìpínlẹ̀ yìí pé nígbà tí òfin àpapọ̀ ti oṣù Keje 2024 ní kí ẹni tó kéré jù máa gba 70,000, Ọ̀yọ́ sọ tirẹ̀ di 80,000 láti oṣù kìíní 2025. Ó dára, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n 30,000 tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní 2020 lé ní 80 dọ́là nígbà náà, 80,000 ti 2025 kò sì tó 60. Òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì tó ń wọ tákísí máíkírà láti Ring Road wá sí Àgọ́dì láràárọ̀ mọ èyí láìṣe pé ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọrọ̀ ajé. Bí ẹ bá wá dé orí rédíò tí ẹ ní "a ti gbé ìṣúná tó tóbi jù lọ nínú ìtàn ìpínlẹ̀ yìí jáde", ìyà ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ ẹ́. Kí ẹ máa pe títóbi náírà ní àṣeyọrí dà bíi kéèyàn máa yọ̀ pé ọmọ òun ga, láìmọ̀ pé sòkòtò ló kúrú.

Mi ò tíì bi yín ní ìdí tí owó kò fi tó. Owó kì í tó. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni iṣẹ́ yín nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá 2024, gómìnà gbé àbá bílíọ̀nù 678 wá síwájú yín. Nígbà tó fi máa jáde lọ́dọ̀ yín, ó ti di 684. Àwa ń retí pé ẹni tí wọ́n gbé owó wá bá kó yẹ̀ ẹ́ wò ni yóò máa bẹ́ díẹ̀ kúrò. Tiyín, ẹ fi bílíọ̀nù mẹ́fà lé e ni. Ọwọ́ yín là, Ọ̀nárébù. Mi ò ní ẹ ṣẹ̀ sófin, òfin fún yín láyè. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ẹ rí nínú ìwé náà tó ní kí ẹ fi kún un, àti ohun tí ẹ rí tó yẹ kí ẹ yọ, tí ẹ fi ojú fò.

Nínú ìṣúná 2025 yẹn, wọ́n ní díẹ̀ lé ní ìdajì ni ti iṣẹ́ àkànṣe. Ẹ̀kọ́ gba bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀nà àti afárá àti irú wọn gba bí 22. Ìlera ò tó mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ gbọ́ o, ó jẹ́ bíi mẹ́ta. Àwa ará Ọ̀yọ́ tí a ń fi àmàlà ṣe yangàn kárí ayé, tí èlùbọ́ àti iṣu Òkè-Ògùn ń já lu ọjà Bódìjà lójoojúmọ́, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún la fi tọ́jú ẹni tó ń gbin iṣu. Bóyá ẹ ní ìdí. Ẹ kò tíì sọ ọ́ fún wa ni.

Iye tó wà nínú ìwé ìṣúná, ìlérí ni. Ohun tó jáde ní àpò ìjọba ní òpin ọdún, ìyẹn ni òótọ́. Nígbà ètò SFTAS tí Báńkì Àgbáyé fi ń fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ìwúrí láti 2018 sí 2022 ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ láti máa gbé ìròyìn bí owó ṣe jáde síta ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó ní dátà lórí fóònù lè kà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà ló máa jókòó ka tébù olójú-ewé igba, ìdí sì nìyẹn tí a fi rán yín lọ. Bí ìyá náà bá fẹ́ rán ọmọọṣẹ́ rẹ̀ lọ ra ẹrù tuntun, kì í kó owó lé e lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ gba ìṣirò àná. Èló ni wọ́n ta àpò ata? Èló lo fún alábàárù? Ṣéńjì dà? Bí ọmọ náà bá ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ti àná, ti òní yìí ni ká gbájú mọ́, mo tilẹ̀ ti fún un lórúkọ, ọjà ìgbòòrò ni", ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ariwo yẹn á dé Òjòó. Ìyá náà kò gbọ́ nípa abala 125 ìwé òfin Nàìjíríà rí, ohun tí abala náà sọ ló sì ń ṣe.

Abala 125 ní kí olùṣàyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ wá síwájú yín láàárín 90 ọjọ́ tí ó bá ti gba àkọsílẹ̀ owó, kí ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó yín tó ń rí sí owó ìlú sì jókòó lé e. Abala 128 fún yín lágbára láti ṣèwádìí ìnákúnàá àti jìbìtì, abala 129 fún yín láṣẹ láti pe ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀ kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀bẹ tí wọ́n kó fún yín ò kú rárá. A kàn ń retí ọjọ́ tí ẹ máa fi gé nǹkan tó ju kéèkì ọjọ́ ìbí lọ.

Ẹ ó sọ pé àkókò ò sí, pé bí ìṣúná bá pẹ́, ìlú á dúró. Kò ní dúró. Abala 122 gbà kí gómìnà máa ná owó fún oṣù mẹ́fà bí òfin ìṣúná kò bá tíì jáde, níwọ̀n bí kò bá ti ju iye tí òfin ìṣúná gbà á láyè láti ná ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Àwọn tó kọ ìwé òfin mọ̀ pé ó yẹ kí aṣòfin ráyè ka ìwé kó tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àpẹẹrẹ kan tó ṣì ń ká mi lára ni ti Ilé Ìjọba. Ní 2025, a gbọ́ pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti fọwọ́ sí bílíọ̀nù 63.4 náírà láti fi tún Ilé Ìjọba ní Àgọ́dì ṣe. Gómìnà fúnra rẹ̀ kì í gbé ibẹ̀, ilé ara rẹ̀ ló ń gbé, a sì ti yìn ín fún ìyẹn. Ó tún ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí a ṣe iṣẹ́ náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé tó bá ń jò, ẹni tó bá fẹ́ràn ìlú á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin dà? Wọ́ọ̀dù 351 ló wà ní ìpínlẹ̀ yìí. Bí a bá pín bílíọ̀nù 63.4 sí wọn, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan á rí 180 mílíọ̀nù náírà gbà. Ẹ lọ wo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù tiyín, kí ẹ wo yàrá ìgbẹ̀bí, kí ẹ wo bóyá omi ń jáde, kí ẹ wá sọ fún mi ohun tí 180 mílíọ̀nù lè ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo ní kí wọ́n má tún ilé ọba ṣe. Mo ní ọjọ́ wo lẹ jókòó lé e? Abala wo nínú ìṣúná tí ẹ fọwọ́ sí ló wà? Ta ló dìde nínú ilé yín, tó ní "Abẹnugan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo iye yìí lẹ́ẹ̀kejì"? Bí ẹnì kan bá dìde, ẹ dárúkọ rẹ̀, a ó fi rédíò kí i láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn gba ìlú kan, ìyàlẹ́nu ni pé àwọn oníròyìn àti àwọn tó ń pè sórí rédíò ló ń ṣe iṣẹ́ yín. Wọn ò gba owó oṣù aṣòfin, wọn ò sì ní jíìpù.

Mo ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé ìwádìí máa ń gba àkókò, pé aṣòfin gbọ́dọ̀ ṣe sùúrù. Ọ̀nárébù, ẹ má ta ìtàn Ìbàdàn fún ọmọ Ìbàdàn. Ilé yẹn mọ bí a ṣe ń yára. Ní ìparí 2005, 18 nínú àwọn 32 tó ṣáájú yín kò ní sùúrù láti jókòó sí Àgọ́dì. Ilé ìtura D'Rovans ní Ring Road ni wọ́n lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ́ pẹpẹ bí wọ́n ṣe máa yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2006, wọ́n ní àwọn ti yọ ọ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin ń béèrè. 18 nínú 32, ẹ bá mi kà á. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kà á, ó ní kò pé, ọkùnrin náà sì padà sórí àga rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2025, òun ni Olúbàdàn ilẹ̀ Ìbàdàn. Ẹ kí Kábíyèsí fún wa bí ẹ bá dé ààfin, ṣùgbọ́n ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ ìṣirò.

Àwọn ti ọjọ́ 18 oṣù Keje 2022 ńkọ́? Lọ́jọ́ yẹn, ilé yín yọ igbákejì gómìnà, Ráúf Ọláníyan, lọ́jọ́ kan náà sì ni Báyọ̀ Lawal di igbákejì tuntun. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ohun tí mo rí fàyọ níbẹ̀ ni pé bí nǹkan bá jẹ́ ti àga, ẹ lè ṣe é láàárín àárọ̀ sí alẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti owó, ẹ ó ní ẹ ṣì ń dúró de ìwé. Oríkì ìlú wa wá sí mi lẹ́nu nígbà tí mo dé ibí, ṣùgbọ́n mo dá a dúró kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ olè àti olóhun. Ọ̀rọ̀ ṣéńjì la ń sọ, kì í ṣe ìjà.

Ẹ tún má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àríyànjiyàn lórí owó kì í jẹ́ kí ìlú tẹ̀síwájú. Nínú ọgbà Àgọ́dì yẹn náà ni Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ti jókòó láyé Awólọ́wọ̀. Nígbà tí wọ́n ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, wọ́n ní kí àwọn asanwó-orí dá ṣílè mẹ́wàá àti sísì fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú ìlú ò dùn sí i rárá. Ẹgbẹ́ alátakò gbé e kiri ìpolongo, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sì fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn níbi ìdìbò àpapọ̀ ti 1954. Síbẹ̀, wọ́n fi ibi tí owó yẹn ń lọ han ará ìlú. Ọmọ kékeré tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni rìsíìtì wọn, òun ló sì mú kí a dárí jì wọ́n títí dòní.

Ìbàdàn ló sì bí Adégòkè Adélabú tó di olórí alátakò nínú ilé yẹn, ẹni tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, "peculiar mess", di "pẹnkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì" lẹ́nu gbogbo wa. Kì í dákẹ́. Bí ìjọba bá gbé ìwé wá, á tú u palẹ̀. Kí ẹ má sì rò pé mo ń sọ ọ́ di áńgẹ́lì: nígbà tí òun náà ń darí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn, ìjọba rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nicholson kó wá yẹ ìwé owó wọn wò, ohun tó bá ìwádìí náà wá ló mú kí Adélabú fi ipò mínísítà àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1956. Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi nínú ìtàn náà. Alátakò ń yẹ ìjọba wò, ìjọba ń yẹ alátakò wò, kò sẹ́ni tó sùn. Ní tiyín, ẹgbẹ́ kan ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú àga 32 yín ní ìdìbò 2023, alátakò tó kù ò ju kí wọ́n wọ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan, àlàáfíà sì wà nínú ilé yín tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ìró fáànù.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ sí èyí, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Owó ilé aṣòfin gan-an ti pẹ́ lọ́wọ́ gómìnà kí ó tó dé ọwọ́ yín, ẹni tó ń fún ni lóúnjẹ, ta ló ń bá a jiyàn lórí ọbẹ̀? Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún abala 121 ṣe ní 2018 pé kí owó ilé aṣòfin máa wá tààrà sí àpò ilé náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin àti ti ilé ẹjọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù gbọọrọ ní 2021 nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Akọ̀wé àti ọlọ́fíìsì ló ja ìjà òmìnira yín, Ọ̀nárébù. Ó kéré tán, ẹ lo òmìnira náà kí ojú má tì wọ́n.

Ó kan àwa náà. Mi ò lè kọ lẹ́tà yìí kí n fojú fo ìwà tiwa. Ẹ ní àwa la bà yín jẹ́, ẹ kò parọ́. Ẹni tó bá bímọ, Ọ̀nárébù. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá kú, Ọ̀nárébù, màlúù kan. Owó ilé ẹ̀kọ́, owó ilé, owó oògùn, owó àpèjẹ ẹgbẹ́ ọlọ́mọge àtijọ́. Lọ́dọọdún, ìjọba máa ń pe àpérò ìṣúná káàkiri ẹkùn, ní Ìbàdàn, Ìbàràpá, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Òkè-Ògùn, kí ará ìlú lè sọ ohun tó ń fẹ́. Mélòó nínú wa ló ń lọ? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ pín ẹ̀rọ ìránṣọ ní gbàgede kan lẹ́bàá Dùgbẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ láti Ẹlẹ́yẹlé á ti débẹ̀ kí àwọn ará Dùgbẹ̀ tó jí. A ti kọ́ yín pé a kì í ka ìwé ìṣúná, pé ìrẹsì la máa ń kà. Ẹ ò ní ẹ̀bi pátápátá.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, ọmọ 35 kú ní Islamic High School ní Baṣọ̀run níbi àríyá ọmọdé, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé wọn ó rí oúnjẹ àti owó díẹ̀ gbà. Òru ni àwọn míì ti dé ẹnu géètì. Ìjọba kọ́ ló ṣe ètò náà, mi ò sì sọ pé ẹ lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó kó àwọn ọmọ yẹn jáde ní òru, òun kan náà ló ń kó àwọn ìyá wọn lọ síbi tí ẹ ti ń pín ẹ̀rọ ìlọta. Owó àfikún tí ìjọba fún òṣìṣẹ́ ní 2023 lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìrànwọ́ orí epo, 25,000 fún òṣìṣẹ́ àti 15,000 fún òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì fún oṣù mẹ́fà, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lójú ìwé ìjọba. Àwọn ọmọ tó kú ní Baṣọ̀run, òbí ta ló wà lójú ìwé ìjọba nínú wọn? Onímáíkírà, aláàárù, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Ring Road, ibo ni orúkọ wọn wà nínú bílíọ̀nù 892? Ìbéèrè tó yẹ kí aṣòfin fi pa gbogbo Kọmíṣọ́nnà lẹ́nu mọ́ nìyẹn, kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ̀rọ ìránṣọ ogún kò lè dáhùn rẹ̀. Ìlànà tó dúró sójú òfin ló lè dáhùn rẹ̀, tí kò ní dúró de ọjọ́ ìbí yín kó tó ṣiṣẹ́.

Nípa ti àgbàrá, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Odò Ògùnpa gbé ìlú yìí lọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, omíyalé tún padà wá ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 kí a lè kápá rẹ̀. Iṣẹ́ ti ṣe, mo rí afárá àti gọ́tà tuntun. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ wa ló máa san gbèsè náà tán, ní dọ́là, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa dọ́là. Ẹ bá wa pe àwọn tó ṣe é kí wọ́n wá ka ohun tó kù fún wa ní gbangba kí òjò oṣù Kẹjọ tó tún dé. Ó rọrùn ju kí ẹ wá fi bọ́ọ̀tù tẹ omi kí wọ́n yà yín ní fọ́tò.

Kí n tó gbàgbé, ẹ máa ń sọ pé iṣẹ́ aṣòfin kì í ṣe títún ọ̀nà ṣe. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé orúkọ yín ló wà lára gbogbo tánkì omi àti pólù iná sólà tó wà ní àdúgbò, tí lẹ́tà orúkọ náà sì tóbi ju iná tó ń tàn lọ? Èyí tó bá jẹ́ iṣẹ́ yín, ẹ fi orúkọ yín sí i. Ẹ kọ̀wé gàdàgbà sára pátákó ní ìyànà Bódìjà pé: "Ọ̀nárébù yín pe ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó kan jọ, wọ́n wo ìwé owó 2025, ohun tí wọ́n rí nìyí." Èmi ni máa kọ́kọ́ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ń bẹ̀ yín, kí àbá ìṣúná 2027 tó dé síwájú yín níparí ọdún yìí, ẹ wá sí Agbowó. Ẹ má gbé ìrẹsì wá, ẹ má gbé ẹ̀rọ wá, ẹ má sì kó àwọn onílù tẹ̀lé ara yín. Ẹ mú ìwé méjì dání: ìṣúná 2025 tí ẹ fọwọ́ sí, àti ìròyìn bí wọ́n ṣe ná an. Ẹ kà á sí wa létí ní Yorùbá, kí ẹ fi àmì sí ibi tí wọ́n ṣèlérí tí wọn ò mú ṣẹ, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bi Kọmíṣọ́nnà tó kàn. Bí ẹ kò bá bi í, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ náà, a ó jọ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ kí ẹ tó padà sí Àgọ́dì. Mo ti bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀, wọ́n ṣèlérí pé kò sẹ́ni tó máa tọrọ owó ìkómọ lọ́jọ́ náà. Omi tútù wà, àga wà, máíkírófóònù wà. Ọjọ́ ló kù kí ẹ dá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn olùdìbò yín,
Agbowó, Ìbàdàn.